Ìbọn dọ́bù bàbá yín: ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Arábìnrin tó béèrè láti Manchester, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ní wọ́n fi ìbọn dọ́bù bárẹ̀ẹ̀lì àtijọ́ kan sílẹ̀ nílé ní Òǹdó, pé ẹnìkan ń fi ₦150,000 lọ̀ yín, pé ṣé owó gidi nìyẹn, àbí kí ẹ gbé e wá sí ibí wá tà. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á, torí ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn, Iléṣà ni tèmi ṣẹlẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: ẹ pe ilé ní alẹ́ yìí, kí ẹ sọ fún gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má fọ ìbọn yẹn. Kí wọ́n má ha á, kí wọ́n má kùn ún, kí wọ́n má gbé e fún káfíńtà.

Bàbá mi ra ìbọn Greener tiwọn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Birmingham nìyẹn, nígbà tí owó kòkó ṣì ń wọlé dáadáa. Wọn ò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Òróró díẹ̀ àti àkísà ni wọ́n fi ń nù ún, wọ́n á sì tún wé e padà. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò wọn tó jẹ́ alàgbà wa báyìí ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kí ojú rẹ̀ lè wu oníbàárà. Wọ́n gbé e fún káfíńtà àdúgbò. Káfíńtà fi sáńpépà ha igi ìdí rẹ̀ títí gbogbo ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sí ibi ìdìmú fi pa rẹ́, ó wá kun fáníìṣì sí i. Wẹ́dà kan gba irin ẹnu rẹ̀, ìyẹn bárẹ̀ẹ̀lì, ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí dúdú ara rẹ̀ fi ṣí, ó di fàdákà. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìbọn ń dán bí abọ́ tánganran. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, a ti bá ọ tún un ṣe o." Kí ni mo fẹ́ sọ fún àgbàlagbà? Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ẹni tó ń kó ìbọn òyìnbó àtijọ́ jọ kì í sanwó fún dídán. Ohun tó jáde láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ń wá: àwọ̀ tó wà lára irin láti ìbẹ̀rẹ̀, òdòdó tí wọ́n fín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sí i, pàápàá àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ irin ẹnu. Láti ọdún 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn ti wà ní Birmingham. Ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ ni wọ́n fi ń yìn ín, bí kò bá bẹ́ wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí BP àti BV lábẹ́ adé, ó jẹ́ lẹ́yìn ọdún 1904. Bí ó bá jẹ́ BNP lábẹ́ adé, ó jẹ́ láti 1954 síwájú. Bí ẹ bá rí ELG, Liège ní Bẹ́ljíọ́mù ni wọ́n ti dán an wò, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ òyìnbó London ni wọ́n kọ sí i lára. Wẹ́dà wa ti lọ ìdajì gbogbo èyí dànù. Yàtọ̀ sí owó, irin tí wọ́n ti lọ̀ fẹ́lẹ́ lè bẹ́ mọ́ ẹni tó bá yìn ín lọ́wọ́.

Ó yá, ti ìwé. Pawa-ọf-atọ́nì, ìwé tó ń fún ẹni tó wà nílé láṣẹ láti ṣe é lórúkọ yín, ò le; ọ́fíìsì Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, London, ni mo ti ṣe tèmi. Ti kóòtù lórí ogún náà, ẹ ti mọ bó ṣe ń lọ. Láísẹ́ǹsì ìbọn ni kì í ṣe ogún. Orúkọ bàbá ni wọ́n kọ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbé ìbọn yẹn pamọ́ sí yàrá láìní tirẹ̀ ń rú òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959. Kí lọ́yà kọ̀wé sí DPO kí wọ́n tó gbé e jáde nílé, kí ẹni tó bá gbé e lọ mú ẹ̀dà ìwé náà dání, kí àwọn ọlọ́pàá sì tọ́jú rẹ̀ sí àmọ́rì, ibi tí wọ́n ń kó ìbọn pamọ́ sí. Ní tiwa, àwọn ọlọ́pàá ní kí á mú owó fáìlì wá, a mú un wá, wọ́n ní fáìlì ò sí. Nígbà tí fáìlì jáde, wọ́n ti gbé ọ̀gá tó ní kí á mú owó wá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ò kan òun. Irú ìyà wo rèé! Nígbà tí wọ́n wá fún wa ní ìwé, ohun tí wọ́n kọ sí i ni "1 No. old gun". Àǹtí mi jókòó síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò àfi bí àwọn ọlọ́pàá bá kọ orúkọ tó wà lára ìbọn àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn mìíràn ni ẹ ó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ.

Láti gbé e wá síbí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Wọn kì í gbé ìbọn jáde láìsí àṣẹ, dọ́bù twelve-bore tó ń lo ọta òde òní kò sì sí lára àwọn tí òfin ìjọba ibí fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan àtijọ́ lásán. Shotgun certificate, ìwé àṣẹ ìbọn ti ibí, ni wọ́n máa bi yín. Bí ẹ bá fi sínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú gààrí, ọlọ́pàá á pàdé yín ní etí omi.

Nípa iye rẹ̀, ẹ lọ wo ohun tí irú rẹ̀ tà ní ilé gbàǹjo Bonhams tàbí Holts níbí, wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wo orúkọ nìkan o. Greener ṣe èyí tó rọrùn fún mẹ̀kúnnù, ó sì ṣe èyí tí ọba lè gbé, èyí tó jọ tiyín ni kí ẹ fi wé e. Iye yẹn ò ní jẹ́ iye Òǹdó, torí oníbàárà tiyín gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, wọn ò sì pọ̀. Òfin ò tilẹ̀ gbà kí wọ́n fún ọ̀mùtí ní láísẹ́ǹsì. Ẹnìkan tó kọ́kọ́ fẹ́ ra tèmi, bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ òórùn ẹmu! Èyí tó rà á nígbẹ̀yìn jẹ́ olóko kan tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé, ó sì san owó tó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lọ̀ mí. Òun náà ló sọ fún mi pé ká ní wọn ò fọ̀ ọ́ ni, òun ì bá tún fi ìdajì lé e.

₦150,000 yẹn, owó tí wọ́n fi ń lọ ẹni tí kò sí nílé ni. Ẹ béèrè nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Bó bá ní, ẹ jẹ́ kó lọ wò ó ní àmọ́rì lójú lọ́yà. Bó bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun wá gbé e nílé ní alẹ́, ẹ dákẹ́ sí i. Bí ọwọ́ yín bá tẹ fọ́tò àwọn òǹtẹ̀ yẹn, ẹ fi sí ibí, mo máa bá yín wò ó ní ìparí ọ̀sẹ̀.