Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Eérú Èèpo Ìrẹsì Lè Gba Ipò Yùríà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ìrẹsì mi tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn tí mo fọ́n yùríà sí i, ṣùgbọ́n àmì kún ewé rẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ nígbà tí ṣírí rẹ̀ wúwo. Ẹnì kan ní kí n máa lo eérú èèpo ìrẹsì, pé sílíkọ́nì, èròjà kan tí ó wà nínú rẹ̀, kò ní jẹ́ kí n nílò yùríà mọ́. Ṣé òótọ́ ni? – Àgbẹ̀ kan, Ìgbẹmọ-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹni tí ó gbà yín nímọ̀ràn mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kọjá ibi tí ó dé. Náítírójìn, èròjà tí yùríà ń fún ilẹ̀, ni ìrẹsì fi ń ta ẹ̀ka tí ó sì fi ń so. Sílíkọ́nì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, iná sì ti lé náítírójìn inú èèpo lọ kí ó tó di eérú. Iṣẹ́ ti sílíkọ́nì ni pé, bí gbòǹgbò bá ti fà á mu pẹ̀lú omi, yóò le sábẹ́ awọ ewé àti igi, tí ewé yóò fi nà ró gba oòrùn, tí igi kò ní tètè wó, tí àrùn blast (àrùn tí ń fi àmì sí ewé ìrẹsì) àti kòkòrò agbẹ́gi kò sì ní rọ́nà wọlé bọ̀rọ̀. Àpọ̀jù yùríà a máa sọ ewé di rírọ̀, a sì máa dín ìwọ̀n sílíkọ́nì inú rẹ̀ kù. Mo fura pé ohun tí ó ṣe oko yín nìyẹn.

Iyanrìn ilẹ̀ wa ńkọ́, tí sílíkọ́nì kún inú rẹ̀? Kì í yòrò tó èyí tí gbòǹgbò lè mu. Eérú èèpo sàn jù ú, àfi èyí tí iná líle ti jó kọjá ààlà. Ní Japan, ìdàrọ́ irin lílọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí ìrẹsì lè rí sílíkọ́nì, bíi tọ́ọ̀nù 1.5 sí 2 lórí hẹ́kítà kan.

Ìṣirò ni kò jẹ́ kí eérú rọrùn. Nínú kílò 100 ìrẹsì tí a kò tíì bó, èèpo a máa tó nǹkan bíi kílò 20, eérú rẹ̀ kò sì ju bíi kílò 4 lọ. Kí ẹ tó rí tọ́ọ̀nù eérú kan, ìrẹsì tí wọ́n bó níbi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tó tọ́ọ̀nù 25. Nítorí náà, koríko ìrẹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sílíkọ́nì tí ìrẹsì mu ń kù sí, bí ẹ bá sì ń kó o kúrò lóko lọ́dọọdún, ilẹ̀ ni ẹ ń jà lólè. Ẹ tú u ká sóko lẹ́yìn ìkórè.

Bí ẹ bá rí eérú, ẹ wọ́n omi sí i kí ekuru rẹ̀ má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró yín, kí ẹ sì rò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbin ìrẹsì. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ yùríà láé, nítorí pé eérú a máa sọ náítírójìn di òórùn tí ń fò lọ. Náítírójìn tí ó wà nínú àpò yùríà oníkílò 50 jẹ́ kílò 23. Ẹ má ṣe dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pín in sí ìgbà tí ìrẹsì ń ta ẹ̀ka àti ìgbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lóyún, kí ẹ sì fi apá kan oko sílẹ̀ láìfi eérú sí i, kí ẹ lè fojú ara yín rí ìyàtọ̀ rẹ̀.