Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ṣé BCG lè dí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lọ́nà kó má wọ inú iṣan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti gé kókó jẹjẹrẹ kúrò nínú àpò ìtọ̀ bàbá wa níbí ní Àbújá. Dókítà ní òun fẹ́ máa da BCG, oògùn àjẹsára tí à ń fún ọmọ tuntun, sínú àpò ìtọ̀ wọn. Ṣé kò ní ti àrùn náà wọnú lọ? Ọmọ wọn, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Kì í ṣe BCG ló ń ti jẹjẹrẹ wọnú. Ẹbí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dà á sínú àpò ìtọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á gbé e mì, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á sì rọ́ wá bá wọn jà. Láti ọdún 1976 tí dókítà Alvaro Morales ti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Kánádà ni wọ́n ti ń lò ó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba àfikún rẹ̀ lẹ́yìn náà, fún ọdún 1 sí 3, ni ìwádìí fi hàn pé àrùn wọn kì í sábà wọ inú iṣan, ìyẹn ẹran líle tó wà nínú ògiri àpò ìtọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá dá a dúró nígbà tí ara bá ti yá.

Ohun tó ká mi lára jù ni bí jẹjẹrẹ náà ti jìn tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti wọ inú iṣan kì í ṣe iṣẹ́ BCG mọ́. Gígé àpò ìtọ̀ kúrò, oògùn jẹjẹrẹ tàbí ìtànṣán ló kù. Ẹ béèrè bóyá iṣan wà nínú ẹran ara tí wọ́n gé láti yẹ̀ wò, torí bí kò bá sí, ó yẹ kí wọ́n padà lọ gé díẹ̀ sí i.

Ẹ tún béèrè irú jẹjẹrẹ tó jẹ́. Ní apá Àríwá wa yìí, àtọ̀sí ajá, tí aràn inú omi odò ń fà, lè bí irú mìíràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀ gan-an, tí kì í ṣe BCG.

Ní nǹkan bí oṣù 3, wọn yóò fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀ náà. Bí jẹjẹrẹ líle bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá ti gba BCG tó, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, kó tó ráyè dé inú iṣan.