Wíwọlé wẹ́rẹ́ kọ́ ni mo fi ń mọ sọ́fítíwià tó dára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sọ́fítíwià tí kò bá tètè wọ orí kọ̀ǹpútà kò lè dára, èmi náà ti gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí, mo sì jìyà rẹ̀.

Ètò ìṣirò owó kan ni. Mo tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta, ó parí, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Kò sẹ́ni tí mi ò yìn ín fún. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ̀dà tuntun jáde, òun náà sì wọlé wẹ́rẹ́. Mo ṣí i, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́jọ ti dàwátì! Kò kìlọ̀, kò béèrè nǹkan kan, kò tọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́ kankan. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ kọ láti orí rìsíìtì.

Debian, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ní tirẹ̀ fojú mi rí màbo. Kí ẹ̀dà 4.0 tó gbé ojú aláwòrán dé lọ́dún 2007, ọ̀rọ̀ lásán ló máa ń kún ojú kọ̀ǹpútà bẹ́ ẹ bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo pín díìsìkì, mo ṣì í pín, mo tún un pín. Àmọ́ láti ìgbà tó ti jókòó, mo ti bá a kọjá sí ẹ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀mejì, fáìlì kan ò sọnù.

Ìyẹn ò wá ní kẹ́ ẹ sọ pé èyí tó le ló dára o. Mo ti fi odidi ọjọ́ kan to ètò kan láti inú kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí ẹni tó ṣe é kọ, rí: library yìí (àkójọ kóòdù tí ètò náà gbára lé) ò sí, mo wá a rí, òun náà ń béèrè òmíràn. Nígbà tó parí, kò lè ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá ní àmì ohùn. Ọjọ́ yẹn náà ni mo pa á rẹ́.

Ẹ tiẹ̀ wo PostgreSQL, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkójọ dátà. Lórí Debian, ẹ kàn máa tẹ àṣẹ «apt install postgresql», ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó láti inú kóòdù á ṣe configure láti yẹ ẹ̀rọ wò, á ṣe make láti kọ́ ọ, á ṣe make install láti gbé e sípò, á tún lọ ṣe initdb láti ṣí àyè fún dátà. Kóòdù kan náà ni! Ẹni tó dì í ní ẹrù ló mú un rọrùn, onítọ̀hún sì lè má kọ ìlà kan nínú rẹ̀ rí.

Ohun tí mo máa ń wò ni bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọsẹ̀. Ṣé ó dárúkọ ohun tí kò rí, àbí «àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀» ló kàn sọ? Lẹ́yìn náà, kí n tó kó iṣẹ́ gidi sínú rẹ̀, màá kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ irọ́ sí i, màá kó o jáde, màá yọ ètò náà kúrò pátápátá, màá dá a padà, màá wá wò ó bóyá ohun tí mo kó jáde ṣì ń ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kùnà nínú ìdánwò yìí.