Ta ló máa dúró de ọmọ yìí lẹ́nu ọ̀nà Olókùúta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, ti ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta. A máa ń gbé ìrẹsì, gàrí àti ọṣẹ lọ, a máa ń kọrin, a máa ń gbàdúrà. Ọmọkùnrin kan tó gba Jésù níbẹ̀ máa jáde lóṣù tó ń bọ̀. Owó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló jí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Oǹdó ní àwọn ò fẹ́ fojú kàn án mọ́, ó wá ní ọ̀dọ̀ wa lòun ń bọ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú ìjọ. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Màmá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé kí n máa bá àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé wá ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ lé, ìbéèrè yín sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìrẹsì tí ẹ ń gbé lọ dára gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yìí ni iṣẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, àwọn tí wọ́n jọ ń jalè tẹ́lẹ̀ ló máa pè, torí àwọn nìkan ló máa gbé ìpè rẹ̀.

Mo gba ọ̀kan sílé rí. Ọdún mẹ́fà ló lò lẹ́wọ̀n. Mo ní kó lọ wẹ̀ kó tó jẹun, ló bá dúró síwájú ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wojú mi. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Àṣé ó ń dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un ni. Fún ọdún mẹ́fà, kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kankan. Bí ọmọ yín bá ń bi yín léèrè kó tó mu omi, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì sọ pé ọ̀lẹ ni.

Ẹ lọ sí Olókùúta lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbáyégbádùn wọn. Ẹ gba ọjọ́ tó máa jáde gan-an sílẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, èyí tó sọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di Nigerian Correctional Service, fàyè sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún ẹni tó bá hùwà dáadáa níbẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ kó tó jáde, torí ó máa wúlò lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́. Ẹ béèrè iṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ pẹ̀lú.

Nípa ibùgbé, ẹ má fi í sílé ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ gba yàrá kan fún un, kí ìjọ san owó náà fún onílé tààrà, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìdánwò ni. Tó bá jẹ́ télọ̀ ló kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni kẹ́ ẹ rà fún un, kí ẹ sì wá ọ̀gá kan ní ìtòsí Ọjà Ọba tó máa fún un láyè nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ òótọ́ fún ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí ọ̀gá bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará ìjọ, ẹ má pè é ní àìnígbàgbọ́. Ẹ kàn ṣètò: kó má sí nídìí kíka owó ọrẹ, kó má mú kọ́kọ́rọ́ ìjọ lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, kí àgbàlagbà méjì sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, kó má jẹ́ òfófó ló máa gbé e dé etí rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù ni pé kí ẹ má mú un jẹ́rìí níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Mo ti rí ọmọ kan tí wọ́n fún ní gbohùngbohùn báyìí, tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, “ẹlẹ́wọ̀n” ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é. Kò padà wá mọ́. Bákan náà, bí kò bá wá sí ìsìn lọ́jọ́ kan, ẹ má tìtorí ẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró.

Ó ku ti Oǹdó. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ẹ má fi fóònù ṣe é. Kí àgbà méjì lọ, kí ọmọ náà má tíì bá wọn lọ. Ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ráyè bínú. Kó sọ ọ́ tán, kó tún un sọ, kí ẹ máa gbọ́. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ka ìwé Fílémónì kí ẹ tó lọ, kò ju orí kan, ẹsẹ 25. Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wà nígbà tó kọ ọ́ sí Fílémónì nítorí Ónésímù, ẹrú tó kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì, kò sì fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀: ó ní bó bá jẹ gbèsè, kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn. Bí ìjọ bá lè dúró fún ọmọ yìí pé yóò máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ yín máa wọ bàbá yẹn létí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ọ̀nà Olókùúta, ẹ má gbàgbé pé èyí tó ju ìdajì nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi. Bí lọ́yà bá wà nínú ìjọ yín, ẹ mú un dání nígbà míì.

Ní June 1998 ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jáde lẹ́wọ̀n. Nígbà tó fi máa di 29 May 1999, wọ́n ti búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ṣùgbọ́n òun ní ilé àti èèyàn tó ń retí rẹ̀. Ọmọ yìí ò ní ju ẹ̀yin lọ.

Nígbà tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ ra bàtà kan. Ẹ mú ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì dání lọ́jọ́ tó bá máa jáde, torí èyí tó wọ̀ wọlé lè má gbà á mọ́, kí ẹ sì tètè dé ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀.