Àsíá ẹlẹ́ṣin nínú ọgbà, àti owó fún àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Búdà

Ìbéèrè: Àsàláàmù aleekun, Ààfáà. Manchester ni mò ń gbé. Aládùúgbò mi tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà fún mi ní okùn kan tí àsíá kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lára rẹ̀, mo sì ta á sáàárín igi méjì lẹ́yìnkùnlé. Ọkọ mi ní ẹbọ ni. Obìnrin náà tún ní kí n máa fowó ran àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn wọn lọ́wọ́ lóṣooṣù ní Dharamsala, ní Íńdíà. Ṣé mo lè yọ ọ́ nínú sàká mi?

Ìdáhùn: Wa aleekun salaam, arábìnrin wa. Ẹ tú àsíá yẹn sílẹ̀ lónìí. Ti owó yàtọ̀.

Lọ́wọ́ àwọn ará Tibet, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó ni irú àsíá yìí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọ̀ márùn-ún ni, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn: búlúù fún ojú ọ̀run, funfun fún atẹ́gùn, pupa fún iná, àwọ̀ ewé fún omi, àwọ̀ ìyeyè fún ilẹ̀. Ẹ wo àárín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹṣin tó ru ohun iyebíye. Lung ta ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹṣin atẹ́gùn. Gbólóhùn ìjọsìn wọn ló yí i ká. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ lára aṣọ náà, ìbùkún inú ọ̀rọ̀ yẹn ń tàn ká dé ọ̀dọ̀ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta á síbi gíga.

Ẹ rántí Dhātu Anwāt, igi tí àwọn ọ̀ṣẹbọ ń fi ohun ìjà kọ́ láti gba ìbùkún. Lọ́nà ogun Hunayn, ní ọdún 8 Hijra, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ní kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ó ní ohun tí ìjọ Ànábì Mūsā sọ ni wọ́n ń sọ yẹn, pé kí ó ṣe ọlọ́run kan fún àwọn. Tirmidhi, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hadith jọ, ló gbà á wá. Ó kọ̀ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kò lé wọn kúrò nínú ẹ̀sìn. Nítorí náà, bí ẹ bá ta á nítorí ẹwà, ẹ kàn tú u, kí ẹ sì tọrọ àforíjìn. Bí ọkàn yín bá ti ń retí oríire láti ara rẹ̀, túúbá ni. Ohun kan náà ni mo sì máa ń sọ nípa tírà tí àwa fúnra wa ń gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn, tí a sì gbọ́kàn lé.

Ẹ má sun ún lójú aládùúgbò yín, ẹ má sì jù ú sí pàǹtírí. Ẹ ká a dáadáa, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀sìn yín kò gbà á. Súrà Al-An‘ām 108 kọ̀ fún wa láti bú ohun tí wọ́n ń sìn.

Sàká kò ṣeé yọ fún wọn. Áyà 60 nínú At-Tawbah ti ka àwọn tó ni ín. Sàárà ni kí ẹ fi ṣe. Al-Mumtahanah 8 kò kọ̀ fún wa láti ṣoore fún ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ní kí Asmā’, ọmọ Abū Bakr, ṣoore fún ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀ṣẹbọ.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣìṣe ni ohun tí owó náà ń rà. Oúnjẹ, oògùn, aṣọ òtútù, owó ilé ìwé: kò sí aburú níbẹ̀. Owó fìtílà bọ́tà tí wọ́n ń tàn fún ìjọsìn, ère, tàbí ìjọsìn tí wọn yóò ṣe ní orúkọ yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ sí i. Al-Mā’idah 2 ni kí a má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó san ti oṣù àkọ́kọ́, pé oúnjẹ àti ìtọ́jú ara nìkan ni ẹ fi í fún. Bí wọ́n bá sọ pé gbogbo owó inú àpò kan ló ń lọ, ẹ wá ibòmíràn tó ń bọ́ aláìní. Bí wọ́n bá sì ń fi àsíá ránṣẹ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí yín.