Iléeṣẹ́ tí ń jó àjórẹ̀yìn àti géèmù tí ń kú: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ, mo sì fara balẹ̀ ka àríyànjiyàn tí ó dá sílẹ̀. O ní ọ̀rọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Agbowó, níbí ní Ìbàdàn, ń gbá ti ń rú yín lójú: iléeṣẹ́ tí ó ṣe é dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, àfikún tuntun tí wọ́n ṣèlérí fún géèmù náà kò dé lásìkò, àwọn kan nínú yín sì ti fẹnu kò pé iléeṣẹ́ náà ń jó àjórẹ̀yìn, nígbà tí àwọn yòókù ń sọ pé aláròyé kì í tán láyé. O wá béèrè apá tí ó jàre nínú yín, àti bóyá kí o san owó pásì ọdún kan, ìyẹn àṣẹ láti gbá a fún ọdún kan gbáko, sílẹ̀ kí dọ́là tó tún gbówó lórí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì tí ẹ ń lọ́ pọ̀ sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ lè lówó lọ́wọ́ kí géèmù rẹ̀ máa kú lọ, ó sì lè wà nínú wàhálà kí géèmù rẹ̀ máa gbèrú. Sony kì í ṣe aláìní, síbẹ̀ géèmù Concord tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024 kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án wọ́n ti pa á, wọ́n dá owó àwọn tí ó rà á padà, nígbà tí oṣù kẹwàá sì dé, wọ́n ti iléeṣẹ́ tí ó kọ́ ọ pa pátápátá. Ẹ wá wo World of Warcraft tí Blizzard bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2010, ènìyàn mílíọ̀nù 12 ni ó ń san owó oṣooṣù fún un. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2015, iye náà ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 5.5, iléeṣẹ́ náà sì sọ pé òun kò ní máa kéde iye mọ́. Àwọn tí ó ti kéde ikú rẹ̀ láti ìgbà náà kò lóǹkà, ó sì ṣì wà láyé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ dídá òṣìṣẹ́ dúró tí ẹ gbé lérí bí ẹni gbé ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Microsoft parí ríra Activision Blizzard ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, owó tí wọ́n kéde fún un sì tó bílíọ̀nù 68.7 dọ́là. Oṣù kìíní ọdún 2024 kò tíì tán tí wọ́n fi dá ènìyàn 1,900 dúró ní ẹ̀ka géèmù wọn. Ẹni tí ó ná irú owó bẹ́ẹ̀ kò sá fún ebi. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wádìí ni irú àwọn tí wọ́n lé. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ àti àwọn tí ń tún àléébù ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ lé, tí àwọn tí ń ya aṣọ àti ìbọn tuntun fún títà sì jókòó pa sípò wọn, a jẹ́ pé wọ́n ti ń múra láti fi géèmù yín sílẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n máa sọ. Wọ́n dà bí onílé tí kì í tún òrùlé ṣe ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé ọjọ́ owó ilé.

Àwọn kan ti ṣubú tí wọ́n sì dìde. Nígbà tí Square Enix gbé Final Fantasy XIV jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ó burú débi pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lé Naoki Yoshida lọ́wọ́, wọn kò sì gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012. Wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, ó padà dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ó sì ń lọ dáadáa títí di òní. Jagex ti ìlú Cambridge yí ọ̀nà ìjà inú RuneScape padà ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbá a sì bínú kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 2013, iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n dìbò, ó sì dá ẹ̀dà ti ọdún 2007 padà fún wọn. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, iléeṣẹ́ gbà pé nǹkan bàjẹ́, ó sì fi owó tàbí ìgbéraga du ara rẹ̀. Wá irú rẹ̀ nínú ohun tí àwọn tiyín ń ṣe. Bí o kò bá rí i, iye òṣìṣẹ́ tí ó kù kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìyà tí à ń jẹ níhìn-ín ṣì yín lọ́nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, àwọn ènìyàn láti Sángo dé Challenge ń búra pé iléeṣẹ́ géèmù ti pa sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé lórí. Ọ̀pọ̀ sáfà tí à ń lò wà ní Yúróòpù, ohunkóhun tí ó bá sì ṣe wáyà inú òkun yóò kàn wá. Fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn dán an wò kí o tó bú ẹnikẹ́ni.

Èmi kò sọ̀rọ̀ yìí láti inú ìwé. Iléeṣẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ, tí mo gbá géèmù rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ní Bódìjà àti Mọ́kọ́lá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ta wá lólobó kì í ṣe pé àfikún pẹ́. Ó jẹ́ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pásì ọdún kan parẹ́ kúrò ní ojú ewé ìtajà wọn, ó ku ti oṣooṣù nìkan, kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da sáfà méjì pọ̀, tí wọ́n ní kí a lè rí ẹni bá gbá kíákíá ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí òjò, tí owó inú géèmù sì di ohun tí wọ́n ń ta ní ìdajì iye. Ìgbà tí ẹ̀dínwó náà pọ̀ jù ni wọ́n kéde pé àwọn yóò pa á.

Ìkéde náà dùn ún kà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ra nǹkan láàárín àwọn oṣù tí ó ṣáájú yóò gba owó rẹ̀ padà, pé owó náà yóò sì padà gba ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ibí ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa ti dẹ́kun gbígba káàdì náírà láyè láti sanwó sí òkè òkun, nítorí náà káàdì dọ́là orí fóònù, tí iléeṣẹ́ mìíràn ń ṣe, ni mo ń lò. Iléeṣẹ́ káàdì yìí ti pa gbogbo káàdì bẹ́ẹ̀ rẹ́ kí géèmù tó kógbá wọlé. Owó mi wá lọ sí káàdì tí kò sí mọ́.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ géèmù, wọ́n ní àwọn ti san án. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ káàdì, wọ́n ní àwọn kò rí i. Mo tún kọ̀wé sí iléeṣẹ́ géèmù, lẹ́tà kan náà ni ó padà wá, pẹ̀lú àmì ìdánudúró kan náà, tí ó fi hàn mí pé ẹ̀rọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo lọ sí báǹkì mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ojú mi bí ẹni ń wo ẹni tí ó ṣìnà, ó ní káàdì náà kì í ṣe tiwọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti àkáǹtì mi lọ́wọ́ wọn ni náírà tí mo fi ra dọ́là náà ti jáde, kò sì fẹ́ tẹ orúkọ mi sí kọ̀ǹpútà láti wò ó. Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Ajé. Mo padà lọ ní ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀, ó sì ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gba ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà fún ààbò oníbàárà lọ. Ìyá kan tí ó wà nídìí tábìlì béèrè ibi tí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ géèmù náà wà ní Nàìjíríà. Mo ní wọn kò ní. Ó béèrè ohun tí mo rà lọ́wọ́ wọn gan-an. Mo ní aṣọ ogun àti owó inú géèmù ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé aṣọ náà ṣeé fọwọ́ kàn?” Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tí kò sí àlàfo fún iléeṣẹ́ òkè òkun, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, a kò sì gbúròó ara wa mọ́.

Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn ni nọ́ńbà kan tí kò sí ẹni tí ó sọ fún mi nípa rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí ń gba owó oṣù láti mọ̀ ọ́n. Owó tí wọ́n bá dá padà sórí káàdì máa ń ní nọ́ńbà ìtọpinpin oníka 23, tí wọ́n ń pè ní ARN. Báǹkì oníṣòwò ni ó ń fún un, oníṣòwò sì lè béèrè rẹ̀ fún ọ. Má ṣe sọ fún wọn pé owó rẹ kò wọlé, nítorí lẹ́tà kan náà ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Sọ pé ARN ni o ń fẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó. Nígbà tí mo gbé e fún iléeṣẹ́ káàdì, owó tí wọn kò rí láti ọjọ́ yìí wá yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n wá san án fún mi ní náírà, ní iye tí dọ́là jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n pa káàdì náà rẹ́, ọjọ́ tí ó ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ohun tí ó kù. N kò tíì lè sọ ọ́ láìbínú.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti káàdì ẹ̀bùn. Ẹni tí ó bá ń rà á ní ìsọ̀ fóònù, ìbáà jẹ́ ní Queen Cinema tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀, nítorí owó tí a fi káàdì ẹ̀bùn san sábà máa ń padà sí àpò orí àkáǹtì nìkan, kì í padà sí ọwọ́ ènìyàn. Má sì ra àkáǹtì ẹlòmíràn ní àkókò tí òkìkí ikú géèmù bá ń kàn. Òkìkí náà ni ó mú un pọ́ọ́kú, ẹni tí ó tà á fún ọ sì lè gbà á padà pẹ̀lú ímeèlì àkọ́kọ́ tí ó fi ṣí i.

Ti òfin ńkọ́? Ohun tí a ń rà kì í ṣe tiwa, àyè láti lò ó ni wọ́n ń tà fún wa. Ubisoft ta The Crew láti ọdún 2014, wọ́n sì pa sáfà rẹ̀ ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024, àní ẹni tí ó ń dá gbá a kò lè ṣí i mọ́. Ìyẹn ni ó mú kí Ross Scott, tí ń ṣe fídíò nípa géèmù lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games (Ẹ Yé Pa Géèmù), tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ní Yúróòpù kọjá mílíọ̀nù kan ní ọdún 2025. Ní Kalifóníà, láti oṣù kìíní ọdún 2025, òfin ti sọ pé kí oníṣòwò jẹ́ kí ó yé ẹni tí ń ra géèmù pé àṣẹ ìlò ni ó ń rà. Iléeṣẹ́ Bungie, ní tirẹ̀, yọ àwọn ìtàn tí àwọn ènìyàn ti fi owó rà kúrò nínú Destiny 2 ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí géèmù náà ṣì ń lọ ní pẹrẹu. Nítorí náà, kò dìgbà tí iléeṣẹ́ bá jó àjórẹ̀yìn kí ó tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an, pẹ̀lú ohun tí o kọ, ìhà kankan nínú yín kò tíì jàre. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró àti àfikún tí ó pẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ti owó ọdún kan, má san án. Oṣooṣù ni kí o máa san, kí ó jẹ́ káàdì tí ó wà ní orúkọ rẹ tí báǹkì tí o lè rìn wọ̀ ṣe, kí o sì máa tọ́jú gbogbo rìsíìtì; yíyí ọ̀rọ̀ aṣínà padà àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, o ti mọ̀ wọ́n. Lálẹ́ òní, ṣí ojú ewé ìtajà wọn, kí o sì sọ fún wa bóyá pásì ọdún kan náà ṣì wà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á, àti bóyá ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀.