Oko Ta Ni Ẹ̀ Ń Ro?

Ọmọkùnrin kan láti Ìbarà kọ lẹ́tà ojú-ewé mẹ́rin sí mi. Olórin ni, ẹni ọdún 31. Kò sí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá òde kiri: ìsọmọlórúkọ, ìwúyè, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọdún Lísàbí. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ti lọ láàárín oṣù márùn-ún. Ó bi mí bóyá ayé ló wà nídìí ẹ̀, àti bóyá kí òun kúkú kó ẹrù òun lọ sí Èkó níbi tí wọ́n ti mọyì olórin.

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà kejì mo mú bírò pupa. Lójú-ewé kẹta, o kọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni tutọ́ kọjá: "Bàbá onígángan kì í bínú ní tiẹ̀, owó ọkọ̀ náà ni mo ń fún un. Oṣù tó kọjá ló ní kí n bá òun wá owó awọ ìlù, mo ní kó jẹ́ ká ṣe ọdún tán ná." Bí o ṣe kọ ọ́ tán lo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ máìkì.

Ibẹ̀ lèmi dúró sí, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

O sọ iye tí o ra máìkì aláìlókùn: ₦185,000. O dárúkọ alága ẹgbẹ́ tó rẹ́ ọ jẹ, o dárúkọ ẹni tó bá ọ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kódà o dárúkọ télọ̀ tó rán agbádá rẹ. Ọdún mẹ́rin ni bàbá yìí ti ń lùlù lẹ́yìn rẹ, mo wá orúkọ rẹ̀ títí, n kò rí i. "Bàbá onígángan." Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn?

O ní ipasẹ̀ Àyìnlá Ọmọwúrà lò ń tọ̀. Ó dáa. Ẹni tó bá gbọ́ àwo Àyìnlá dáadáa, á gbọ́ orúkọ Adéwọlé Onílù-Ọlá níbẹ̀, torí ọ̀gá rẹ̀ ń pè é nínú orin. N kò sọ pé màláíkà ni Àyìnlá o. Ta ni kò mọ̀ ní Abẹ́òkúta pé ọ̀rọ̀ alùpùpù dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí, ìjà náà ló sì gbẹ̀mí rẹ̀ nílé ọtí ní oṣù karùn-ún ọdún 1980? Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń lùlù fún un, ó sì jẹ́ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. O kọ ọ́ bí ẹni ń ṣe fáàrí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́dún kan lo ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, pé "ti ilé ni, wọn óò mọ̀ mí níbẹ̀." Tó bá jẹ́ ohùn rẹ nìkan ni, tìrẹ ni, fi ta ẹni tó bá wù ọ́ lọ́rẹ. Apá bàbá yẹn ńkọ́? Ta ló ní kó o fi ṣe sàráà? Ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ lò ń bù fún àlejò, ìwọ ni wọ́n sì ń kí pé o kú ìnáwó.

Ohùn mi ti ń le, mo mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fojú fò ó. Onílù ni mo fẹ́. Àkúbà lọkọ mi ń lù, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ọdún mọ́kànlá gbáko lẹ́yìn olórin kan tí n kò ní dárúkọ. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ló máa ń wọlé. Á gbé ọ̀rá ìrẹsì tó ti dì gbagidi sórí tábìlì, á jókòó, á máa tú okùn bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ogún kókó ló wà lára rẹ̀. Kó má baà wo ojú mi ni. Nígbà tó pẹ́, n kì í béèrè mọ́, ìdáhùn kan náà ni: "Ọ̀gá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Èmi á gbé omi gbígbóná wá, màá fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tó ti là. Owó adìrẹ tí mò ń tà ní Ìtòkú ló rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ìlù náà sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri ìgboro pé ayé ti gba onílù òun lọ́wọ́ òun. Èmi ni ayé ọ̀hún. Èmi ni mo ní kó má lọ mọ́.

Nítorí náà, àwọn ọmọ mẹ́ta tó fi ọ́ sílẹ̀ yẹn, lọ wò ó bóyá wọ́n níyàwó.

Ọdọọdún lò ń kọrin Lísàbí. Ṣé o mọ ohun tí Lísàbí ṣe? Kí Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú igbó Ẹ̀gbá, tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, ń jẹ gàba lé wọn lórí, àáró ni Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ ro oko tèmi. Lọ́la, ó di oko tìrẹ. Lọ́túnla, oko ẹni kẹta. Nídìí àáró yẹn ni wọ́n ti mọ ara wọn, tí wọ́n fọkàn tán ara wọn, títí wọ́n fi jọ dìde lé àwọn ìlàrí. O gba orúkọ rẹ̀ sẹ́nu, o wọ agbádá sí i, o ń pè é ní Àgbòngbò Àkàlà lórí pèpéle ní Aké. Nínú ẹgbẹ́ tìrẹ, oko ta ni ẹ̀ ń ro? Tìrẹ lónìí, tìrẹ lọ́la, tìrẹ lọ́túnla. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká tó kọrí sílé, o ní ayé ti gbà á.

O ní owó níná lójú agbo lo gbójú lé. Níná èwo? Láti ọdún 2007 ni òfin Ilé Ìfowópamọ́ Àgbà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 21: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. A fojú di í títí di 2024, tí EFCC ń kó àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́, tí adájọ́ sì rán ẹni táyé mọ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà l'Ékòó. Látìgbà náà, olówó ń wẹ̀yìn wò kó tó kiwọ́ bọ àpò. Ọ̀pọ̀ ló ń mú àpòòwé wá, ẹlòmíì á ní kó o ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ fún òun. Tìrẹ, àbí tàwọn onílù? Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń ná an, bàbá náà ń fojú ara rẹ̀ rí owó bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kò sí bó o ṣe lè pa á nírọ́. Ní báyìí fóònù rẹ á kàn dún nínú àpò agbádá, ó tán. Bẹ́ẹ̀ gángan ló pe oríkì bàbá olówó kí orí rẹ̀ tó wú.

O tún ṣàròyé pé lọ́jọ́ ọdún, ohùn gángan ń fọ́, ojú tì ọ́ níwájú àwọn ìjòyè. Ojú tì ọ́! Awọ ọmọ ewúrẹ́ ló wà lójú ìlù yẹn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Tó bá ti fẹ́ ya, bí onílù bá fún ọsán, okùn awọ ara ìlù, mọ́ra dé ibi tí abíyá fi bó, ohùn kò ní gòkè. Awọ tí bàbá náà tọrọ lọ́wọ́ rẹ lóṣù tó kọjá ló dójú tì ọ́.

Èkó? Lọ, tàbí kó o jókòó. Bí o bá wọ mọ́tò ní Kútọ̀ lónìí, ìwọ yìí náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ l'Ọ́jọ́ta.

Kó o tó tún gba òde mìíràn, jẹ́ kí gbogbo yín jọ mọ iye tí wọ́n dá. Gba ìdajì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pín ìyókù nínú mọ́tò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni délé. Tó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́, bi wọ́n léèrè ná. Ẹni tó bá lóun ò lọ, má ṣe yínmú sí i. Máìkì yẹn, tà á bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ra awọ, mú owó dání, lọ bá bàbá náà nílé. Má rán ẹnikẹ́ni.

Tó o bá ti ibẹ̀ dé, kọ lẹ́tà mìíràn sí mi, kí orúkọ bàbá náà wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ Èkó.